Orin Àáró Tí Mo Fi Abẹ Gé

Ọmọbìnrin kan ní òpópónà wa níbí ní Ìsọlọ̀ ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ fíìmù, ìyá rẹ̀ sì ní kó kọ́kọ́ wá bi Ìyá Bùnmi léèrè. Èmi ni Ìyá Bùnmi. Títí ni orúkọ ọmọ náà. Ó jókòó síwájú mi, ó ní, "Mà, ṣé iṣẹ́ náà dáa?" Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe é, ó sì yẹ kí ẹni tó ṣe nǹkan tó bẹ́ẹ̀ mọ̀ bóyá ó dáa. Mo fún un ní bisikíìtì, mo ní kó padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tí mo ń kọ yìí ni ìdáhùn rẹ̀, bó bá lè di ìdáhùn.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gé ohùn, kí n sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíìmù. Bí ẹ bá ń wo eré, tí ilẹ̀kùn dún, tí ajá gbó, tí orin ń lọ lábẹ́lẹ̀, ẹnì kan ló jókòó síbì kan tó to gbogbo rẹ̀. Nígbà tèmi, a kò mọ kọ̀ǹpútà. Orí téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ ni ohùn wà, abẹ la fi ń gé e, sẹ́lótéèpù la fi ń so ó. Ọ̀rọ̀ kan lè gùn tó ìka ọwọ́, ẹ̀rín kan lè gùn tó apá. Mo ti gbé ẹ̀rín ènìyàn kọ́ ọrùn rí, bí aránṣọ ṣe ń gbé ohun tó fi ń wọn aṣọ kọ́rùn.

Iṣẹ́ aránṣọ náà sì ni mo wá kọ́ ní Èkó látilẹ̀. Ogun abẹ́lé ti parí, owó epo rọ̀bì ti ń wọlé, gbogbo ọmọ abúlé wa ló ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Òṣòdì. Mo ń gé aṣọ lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Mafolúkù nígbà tí ọkùnrin kan mú ṣòkòtò wá fún títúnṣe. Ó gbàgbé ṣòkòtò, ọwọ́ mi ló ń wò. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ ò gbọ̀n." Lọ́sẹ̀ kejì, mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Owó tó ń san fún mi kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá Délé ni a ń pe ọkùnrin náà, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ti ṣiṣẹ́ nílé rédíò rí. Yàrá kan ló fi ń ṣiṣẹ́ nínú ilé alájà kan ní Mafolúkù, ó fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì bo ara ògiri kí ariwo má baà wọlé. Ariwo kì í gbọ́. Pápákọ̀ òfurufú wà nítòsí wa, bí a bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, bàlúù á kọjá. Àá dúró. A bá tún bẹ̀rẹ̀, òmíràn á kọjá. Bí owó epo ṣe ń pọ̀ sí i ni bàlúù ń pọ̀ sí i, ọ̀gá mi a sì máa wo àjà bíi pé òun ni wọ́n ń dìídì dààmú.

Ó le jù. Fún oṣù mẹ́ta kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan abẹ. Ó ní kí n dijú, kí n máa gbọ́. Lẹ́yìn náà á bi mí: "Ènìyàn mélòó ló kọjá níwájú ilé? Èwo ló wọ bàtà nínú wọn?" Bí mo bá ṣì í, kò ní bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà á fi ṣú. Kò gbà kí n wọ ẹ̀gbà ọwọ́. Kò gbà kí n jẹ orógbó. Kò gbà kí n wọ bùbá tí wọ́n fi sítáàṣì sí, ó ní aṣọ mi ń pariwo. Mo tẹ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi, mo ń wọ aṣọ tó rọ̀ bí ewé tí oòrùn pa kiri ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti ń ra léèsì.

Òfin rẹ̀ tó ga jù ni pé a kì í gé ojúlówó téèpù. Ohun tí a bá gbà lẹ́nu ènìyàn ní tààrà ni ojúlówó. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dà á kọ sórí téèpù mìíràn, ká wá gé èyí tí a dà kọ. Ó máa ń sọ pé, "Bí o bá gé ojúlówó, o ti pa ẹni tó sọ̀rọ̀." Mo rò pé ó ń dẹ́rù bà mí lásán ni.

Ní ọdún kejì ni Bàbá Eléré dé. Òun ló ni ẹgbẹ́ òṣèré kan tó ń kiri gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ó sì ti pinnu láti máa ya eré rẹ̀ sí fíìmù. Ó fẹ́ràn àtimáa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Aránṣọ ló ń pè mí. Fíìmù àkọ́kọ́ náà dá lórí àgbẹ̀ kan tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, tí àwọn ará abúlé wá ń bá a roko. Ó ń wá orin. Èmi ń gbálẹ̀, mo ń kun orin kan lábẹ́ ètè láìmọ̀. Bàbá Eléré ní, "Aránṣọ, kí lo ń kọ yẹn?"

Orin àáró ilé wa ni. Ní abúlé wa lẹ́bàá Ìkìrun, àáró ni a fi ń roko: lónìí gbogbo wa á ro tìrẹ, lọ́la gbogbo wa á ro tèmi. Ẹni tó ni oko á lé orin, àwọn yòókù á gbè é:

Oko mi digbó, ta ni yóò bá mi ro ó?
Àwa ni, a ti dé.
Ẹrù wúwo, ta ni yóò bá mi gbé e?
Àwa ni, a ti dé.

Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀ kan. Bí o bá gbọ́ lílé, o gbọ́dọ̀ gbè é, kódà bí o bá ń kọjá lọ pẹ̀lú ìkòkò omi lórí. Ẹni tó gbọ́ tí kò gbè é ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú àáró ẹni náà nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa bá a jà, wọn ò kàn ní pè é mọ́.

A gbé ẹ̀rọ oníbátìrì lọ sí abúlé. Ìyá mi ló lé orin náà, àwọn obìnrin mẹ́fà gbè é. Kó tó lanu, ó bi ọ̀gá mi léèrè ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Ọ̀gá Délé ṣàlàyé ẹsẹ̀ àgbẹ̀ tó ṣẹ́. Ìyá mi mi orí. Ó ní, "Ó dáa. Àmọ́ orin yìí kì í dá wà o. Ẹ má lé e láìsí ẹlẹ́gbè." Ọ̀gá mi ṣe ìlérí. Èmi náà ṣe é.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Òṣòdì ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn. Àwọn tó kún ibẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọ̀ṣun àti ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń gbé yàrá kan ìdílé kan, àwọn bíríkìlà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ní Ìsọlọ̀. Bí ohùn ìyá mi ṣe jáde pé ẹrù wúwo, gbogbo gbọ̀ngàn ló gbè é. Àwọn kan ń nu ojú. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti tan iná nígbà tí fíìmù tán.

Ọdún mélòó kan kọjá, owó wá débi tí kò jọ owó mọ́. Ẹni tí kò ní fìríìjì kò pọ̀ mọ́. Ọ̀gá Délé ra ẹ̀rọ tuntun láti òkè òkun, ó tóbi bí àpótí aṣọ, kò sí bọ́tìnnì tí mo mọ̀ lára rẹ̀. Bàbá Eléré ra mọ́tò, ó sì fẹ́ ṣe fíìmù aláwàdà nípa ọkùnrin kan tó là lójijì. Ó ní orin àáró yẹn làwọn ènìyàn ń béèrè níbi gbogbo, kí á tún un lò. Ó mú akọrin kan wá tó lé e pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tuntun: "Owó mi pọ̀, ta ni yóò bá mi ná an?" Ó wá ní, "Aránṣọ, fi gbígbè àwọn màmá ilé yín yẹn sí i. Kò sẹ́ni tó lè gbè é tó wọn."

Ọ̀gá Délé ti lọ sìnkú ní Ìjẹ̀bú. Ọjọ́ kejì ni Bàbá Eléré fẹ́ gba iṣẹ́. Mo gbé ojúlówó jáde kí n dà á kọ, iná lọ. Mo dúró. Iná ò dé. Ẹ̀rọ ńlá olówó gọbọi jókòó síbẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n abẹ kì í lo iná. Láti ìgbà fíìmù àkọ́kọ́ ni mo ti fi pẹ́ńsùlù pupa sàmì sí ibi tí lílé parí àti ibi tí gbígbè ti bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sẹ́nu fèrèsé ní ọ̀sán gangan, mo gé e. Mo mú gbígbè, mo so ó mọ́ ti akọrin tuntun náà, mo ju lílé ìyá mi sínú garawa ìdọ̀tí. Mo sọ fún ara mi pé a ṣáà ti lò ó, kí la tún fẹ́ fi ṣe? Àwọn ará ilé gbá ìdọ̀tí jọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n dáná sun ún.

Nígbà tí ọ̀gá mi dé, ó ṣí páálí téèpù náà, ó fọwọ́ wọ̀n ọ́n. Kò pariwo. Ó ní, "Ohùn màmá ẹ dà?" Mo sọ ọ́. Ó gba abẹ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n padà lọ dijú, kí n máa gbọ́. Oṣù méjì ni mo fi ka bàtà àwọn tó ń kọjá. Èmi tí mo ti ń pe ara mi ní ọ̀gá.

Ohun tó rú mi lójú ni pé fíìmù náà dùn. Bí ọlọ́rọ̀ inú eré ṣe lé e pé ta ni yóò bá òun ná an, gbọ̀ngàn dìde. "Àwa ni, a ti dé!" Wọ́n ń jó lórí àga. Àwọn ènìyàn tó sunkún nígbà ìṣáájú náà ni, mo dá àwọn kan mọ̀. Ohùn kan náà ló gbè é, ọ̀rọ̀ kan náà, n kò fi ẹyọ kan kún un. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Mo wá ń bi ara mi léèrè pé nígbà tí wọ́n sunkún, kí ni wọ́n ń sunkún sí?

Wọ́n gbé fíìmù náà dé Ìkìrun. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Òṣòdì, ó wá bá mi ní yàrá mi. Kò jókòó.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, èmi ni mo dá ọkùnrin yẹn lóhùn?"

"Fíìmù ni, Màámi. Eré ni."

"Ohùn mi ni. Ta ló bi mí pé kí n wá bá òun náwó?"

Ó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ó pe àáró sí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó lé orin bó ṣe máa ń lé e. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé owó ni Ìyá Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ kí àwọn wá bá òun ná. Ènìyàn méjì péré ló wá. Ìyá mi kì í ṣe ẹni tó ń sunkún, kò sì sun ún lọ́jọ́ náà. Ó kàn ní, "Orin tí mo yá yín dà? Dá a padà fún mi."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ojúlówó wà lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Irọ́ ni mo pa. Mo tún ṣèlérí pé nínú fíìmù tó kàn, màá tún un ṣe, gbogbo ayé á mọ ohun tí orin náà ń sọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Mo mọ òwe yẹn dáadáa nígbà tí mo ń ṣèlérí.

Fíìmù tó kàn náà dé nígbà tí ọwọ́ ti ń há. Bàbá Eléré ti ta mọ́tò rẹ̀, kò pè mí ní Aránṣọ mọ́, ó ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́. Eré náà dá lórí ọlọ́rọ̀ ìjọ́sí, owó ti tán, ó ń ṣàìsàn nínú yàrá kan, kò sí ẹni tó ń wá wò ó. Èmi ni mo bẹ Bàbá Eléré pé kí a fi orin náà sí i, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti àtijọ́. Ó gbà. Ṣùgbọ́n ó ní òṣèré ni yóò fẹnu ara rẹ̀ lé e, kò sì gbọdọ̀ sí gbígbè. "Kó pè, kó má sẹ́ni tó dáhùn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni fíìmù yìí."

Mo rántí èèwọ̀. Mo sì mọ̀ pé ohun tí Bàbá Eléré sọ tọ́. Méjèèjì wà nínú mi pa pọ̀, n kò mọ èwo ni kí n lé jáde. Mo ṣe ìdákẹ́jẹ́ náà bí mi ò ṣe ṣe iṣẹ́ kankan rí. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe òfìfo, ẹ gbọ́. Mo fi omi tó ń kán nínú garawa sí i, mo fi rédíò àwọn ará yàrá kejì sí i, mo fi bàlúù tó ń lọ lókèèrè sí i, bàlúù tó ti ń yọ wá lẹ́nu láti ọjọ́ yìí. Ọ̀gá Délé gbọ́ ọ, ó yọ ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tó wà létí rẹ̀ kúrò, ó ní, "O ti mọ iṣẹ́." Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí, kò sì tún un sọ títí ó fi kú.

Mo ránṣẹ́ pe ìyá mi kó wá wò ó. Mi ò sọ fún un pé kò ní gbígbè. Mo rò pé bó bá rí bí eré náà ṣe ṣe ọlọ́rọ̀ yẹn, inú rẹ̀ á rọ̀.

Gbọ̀ngàn kan ní Ìsọlọ̀ níbí ni, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ìyá mi jókòó sí ìlà kẹta. Èmi wà lẹ́yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, pẹ̀lú Bàbá Eléré àti Ọ̀gá Délé, ọwọ́ mi wà lórí bọ́tìnnì ohùn. Ó dé ibẹ̀. Aláìsàn náà gbé orí sókè, ó lé e pẹ̀lú ohùn tó ti há: "Ẹrù wúwo, ta ni yóò bá mi gbé e?"

Omi ń kán. Rédíò ń sọ̀rọ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́, wọ́n mọ orin náà, kò sẹ́ni tó gbè é. Ó rí bí Bàbá Eléré ṣe fẹ́ gan-an.

Ìyá mi ní, "Àwa ni, a ti dé."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan sọ jẹ́jẹ́ pé, "Màmá, fíìmù ni o." Aláìsàn tún lé e lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá mi dìde dúró, ó gbè é sókè, ó sì yíjú padà, ó ń wá mi nínú òkùnkùn. Gbogbo ènìyàn wá ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Eléré fọwọ́ bojú. Mo gbọ́ ohùn kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: Ọ̀gá Délé, ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò roko àáró rí, ló ń gbè é lábẹ́ ètè. Ètè tèmi padé. Mo ń ṣọ́ bọ́tìnnì.

Mo sìn ín lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Òṣòdì. Ó ní, "O gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́, Màámi."

"O ò gbè é."

"Iṣẹ́ ni mo ń ṣe."

Ó ní, "Ó dáa." Ọkọ̀ dé, mo na ọwọ́ sí àpò rẹ̀ kí n bá a gbé e, ó ti gbé e fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ láyé lẹ́yìn ìgbà náà, mo ń lọ kí i, ó ń se oúnjẹ fún mi, ó ń ṣàdúrà fún àwọn ọmọ mi. Kò lé orin yẹn lójú mi mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Iṣẹ́ náà ń lọ. Fídíò dé, ó lé téèpù lọ. Kọ̀ǹpútà dé, ó lé fídíò lọ. Mo kọ́ gbogbo wọn. Nínú kọ̀ǹpútà, bí o bá gé nǹkan tó ò fẹ́ kó gé mọ́, o lè tẹ bọ́tìnnì kan kó padà bọ̀ sípò. Ọjọ́ tí wọ́n fi bọ́tìnnì yẹn hàn mí, mo jáde síta, mo dúró díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti lo orin náà nínú fíìmù tiwọn, ọ̀kan fi pe ìbò, ọ̀kan fi ta omi inú ọ̀rá. Mi ò mọ̀ bóyá fíìmù ló yí orin náà padà tàbí àwa ni. Mi ò mọ̀ bóyá ìyá mi ba iṣẹ́ mi jẹ́ lọ́jọ́ náà, tàbí òun nìkan ló parí rẹ̀.

Títí padà wá lọ́jọ́ Sátidé bí mo ṣe ní kó wá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ojú rẹ̀ tàn, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lé e kí n gbà á sílẹ̀." Ó gbé fóònù jáde, ó nà án síwájú mi. Mo lé e. Ohùn mi kò dáa mọ́, ṣùgbọ́n ó jáde: Ẹrù wúwo, ta ni yóò bá mi gbé e?

Mo dúró. Ó ń wò mí, ó pa ẹnu mọ́, kò tilẹ̀ mí. Mo bi í pé, "O ò gbè é?"

Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Mi ò fẹ́ kí ohùn mi wọ inú rẹ̀ ni."

Mo wo ọwọ́ tó fi di fóònù náà mú. Kò gbọ̀n rárá, bí tèmi ò ṣe gbọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lọ́jọ́sí.